Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìdí tí Ó Fi Yẹ kí Oníṣẹ̀ṣe Gbọ́ Oríṣiríṣi Orin

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá)

Àbọrú, àbọyè o. Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà Ọbàtálá tí a ń ṣe ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lónìí. Ìbà Àyàn Àgalú, ẹni tí ó kọ́ igi àti awọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Mo júbà ẹ̀yin Olúwo, ẹ̀yin Ìyánífá, ẹ̀yin olórí ọlọ́rìṣà gbogbo, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tọ ẹsẹ̀ wa bọ̀. Kí n tó la ẹnu, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbà. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fà mí létí.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, àbá kan jẹ yọ. Àbá náà ni pé kí á ṣe é ní òfin pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa kò gbọdọ̀ gbọ́ orin mìíràn bí kò ṣe orin ìṣẹ̀ṣe. Kò ní sí fújì, kò ní sí orin ìjọ, kò ní sí orin òyìnbó, kò sì ní sí ti àwọn ọmọ ìgboro. N kò bínú sí ẹni tí ó dá àbá náà, nítorí ìfẹ́ ni ó mú un sọ ọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti jóná rí, bí ó bá rí èéfín, yóò sáré. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ìlù wa jẹ́ ìlù èṣù, kò sì yà mí lẹ́nu pé a fẹ́ ti ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ òní fún mi, kí n sọ ìdí tí mo fi rò pé òfin náà yóò pa ohun gan-an tí a fẹ́ fi í gbà là. Èmi alára ti pa nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. N óò ro ìtàn rẹ̀ fún yín kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Nígbà tí a bá ń sọ pé “orin ìṣẹ̀ṣe”, bí ẹni pé orin kan ṣoṣo ni. Ìgbìn ni ti Ọbàtálá. Bàtá ni ti Ṣàngó àti ti Egúngún. Ìpèsè ni ti Ifá. Àgẹ̀rẹ̀ ni ti Ògún àti ti àwọn ọdẹ. Bí a bá kúrò ní ti ìlù tí a bọ́ sí ti ohùn ẹnu, babaláwo ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ọdẹ ń sun ìjálá, eléégún ń pe ẹ̀sà, ìyàwó tí ń lọ sí ilé ọkọ ń sun ẹkún. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní bí a ti ń gbé e jáde, ó ní ibi tí a ti ń mí, ó ní bí elégbè ti ń gbà á. Ọmọ tí a bí sí agboolé àtijọ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti kékeré, kò sì sí òrìṣà kan tí ó sọ fún un pé kí ó di etí sí ti ẹnìkejì. Láti ìpìlẹ̀ ni etí àwọn baba wa ti jẹ́ etí ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ẹ wo bàtá nìkan. Ìlù mẹ́rin ni: ìyáàlù, omele abo, omele akọ, àti kúdi. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele abo ń dá a lóhùn, àwọn yòókù di ilẹ̀ mú kí ọ̀rọ̀ má bàa ṣubú. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ìyáàlù nìkan kò tíì gbọ́ bàtá. Bákan náà, ẹni tí ó bá gbọ́ dùndún nìkan, tí ó wá gbọ́ bàtá lẹ́yìn rẹ̀, yóò sọ pé bàtá ń kólòlò. Ìdí ni pé dùndún ní ọṣán tí onílù ń fún tí ó sì ń dẹ̀, nítorí náà ohùn rẹ̀ lè gun òkè kí ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohùn ènìyàn. Bàtá kò ní irú ọṣán bẹ́ẹ̀. Ojú òjò àti ṣáṣá ni ó ní, ọwọ́ lórí ọ̀kan, bílálà lórí èkejì. Bí onílù ti ń pa wọ́n pọ̀ ni ó ń di ọ̀rọ̀. Kì í ṣe akólòlò, ẹnà ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè mọ èyí bí kò bá gbọ́ méjèèjì? Inú ìyàtọ̀ wọn ni òye wà.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sí ìta. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní tiwa lónìí ni a bá aládùúgbò pín. Irú ìlù tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti dùndún wà lọ́wọ́ àwọn Haúsá, kàlàngú ni wọ́n ń pè é. Gòjé tí ń sunkún nínú orin sákárà, láti òkè ọya ni ó ti wá. Sákárà fúnra rẹ̀, amọ̀ tí a sun tí a fi awọ ewúrẹ́ bò, àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n gbé e ga jù láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí Yusuf Olatunji bá ti gbé ohùn sókè, kí ni ó ń kọ? Oríkì ni, òwe ni, ìtàn ìlú ni. Haruna Iṣọla ará Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó gbé àpàlà dé ibi gíga, Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń fi sùúrù to òwe sínú orin, kí ó lọ jókòó ti rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀. Fújì tí a fẹ́ fi òfin dè yìí, inú wéré ni ó ti jáde, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ ní òru Ràmàdáànì. Sikiru Ayinde Barrister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e kúrò ní òru wá sí ojú agbo. Orin ààwẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Síbẹ̀ ìlù wa ni ó ń jó sí, oríkì wa ni ó sì ń jẹ lẹ́nu.

Mo sì fẹ́ kí á sọ òtítọ́ kan tí kò rọrùn. Lọ́wọ́ ta ni bàtá wà lónìí? Ẹ lọ sí àwọn agboolé Àyàn ní àyíká Òṣogbo, ẹ béèrè orúkọ. Ẹ óò bá Àyàn ní iwájú orúkọ, ẹ óò sì bá orúkọ Mùsùlùmí ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, wọ́n sì ń lu ìlù fún Ṣàngó nígbà tí ọdún bá dé. Bí a bá sọ fún àwọn ọmọ wa pé ohun tí ó bá ti ẹnu Mùsùlùmí jáde kò yẹ létí wọn, lọ́wọ́ ta ni wọn yóò ti kọ́ bàtá?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn onígbàgbọ́. Duro Ladipo tí gbogbo wa ń yìn, bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, inú orin ìjọ ni ó sì ti kọ́ bí a ti ń to ẹgbẹ́ akọrin. Ní ọdún 1961, ó gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde ní Òṣogbo, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ nítorí pé àwọn kan kò fẹ́ ìlù nínú ìjọ. Ó gbé ìlù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sí orí ìtàgé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi gbé Ọba Kò So jáde, tí wọ́n sì ṣe eré náà ní Berlin ní ọdún 1964. Bàtá Ṣàngó dún ní ilẹ̀ Jámánì nítorí pé ọkùnrin kan gbọ́ orin méjì, kò sì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún èkejì. Fela Sowande ńkọ́? Ọdún 1905 ni wọ́n bí i, dùùrù ìjọ ni ó fi dàgbà, ó ta dùùrù fún àwọn òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bá wọn ṣe jazz. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó padà wá sílé tí ó jókòó ti àwọn babaláwo, tí ó sì kọ ìwé lórí Ifá. Ẹni tí a bá ti fi òfin dè ní kékeré, báwo ni yóò ṣe rìn tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó padà wá?

Ẹ jẹ́ kí á sọdá òkun díẹ̀, nítorí àwọn ará wa wà níbẹ̀. Ní Kúbà, bàtá mẹ́ta ni wọ́n ń lù, orúkọ wọn ni iyá, itótele àti okónkolo. Ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ti yí padà lẹ́nu wọn nítorí èdè Sípéènì kò ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bí tiwa, ṣùgbọ́n Ṣàngó ń gbọ́, ó sì ń jó. Ní ọdún 1973, Chucho Valdés dá ẹgbẹ́ olórin Irakere sílẹ̀, ó sì fi bàtá sí àárín fèrè àti dùùrù. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1947, Chano Pozo, onílù ará Havana, gbé ọwọ́ ìlù rẹ̀ wọ inú ẹgbẹ́ Dizzy Gillespie ní New York, jazz kò sì rí bákan náà mọ́. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀ ní ọdún 1949. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀ jáde ní àkókò àjọ̀dún Kánífà, ìlù tí wọ́n sì fi ń rìn ní ìgboro ni wọ́n ń pè ní ijexá. Ẹ tún orúkọ náà pè lẹ́nu yín: Ìjẹ̀ṣà ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbìyànjú fúnra wọn. Ẹ fi ọwọ́ ka ìṣísẹ̀ méjìlá, kí ẹ wá tẹ́tí sí agogo nínú orin bembé ti Kúbà. Ẹ óò gbọ́ pé ìgbà méje ni agogo ń dún nínú méjìlá náà, ní ìwọ̀n tí kò dọ́gba, tí ó dà bí ẹni tí ó tiro ṣùgbọ́n tí kì í ṣubú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ agogo nínú kàǹdómbúlé ti Bàhíà, kí ẹ sì gbọ́ ti àwọn Éwé ní Gánà àti Tógò. Ohun kan náà ni ẹ óò bá pàdé. Ẹ wá padà wá gbọ́ agogo nínú àwọn orin ìbọ wa. Kò sí ìwé ìtàn tí ó lè kọ́ ọmọ ní ìbátan wa bí agogo yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ orin ìta kò ní mọ̀ pé agogo inú ilé rẹ̀ ti rìn yí ayé ká. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Èmi náà kò ṣàdédé mọ èyí. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì, ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Drums of Passion ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní ọdún 1960. John Coltrane tí í ṣe ọ̀gá nínú jazz fẹ́ràn ọkùnrin yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ orin kan ní “Tunji”. Ní oṣù kẹrin ọdún 1967, nígbà tí ó ku bí oṣù mẹ́ta kí Coltrane jáde láyé, ní ibùdó àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem ni ó ti ṣeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ariwo fèrè ọjọ́ náà, mo sọ pé kí ni èyí? Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ní ìgbà kẹrin ni ọkàn mi sọ fún mi pé mo ti rí ẹni tí ń ké báyìí rí: ẹni tí òrìṣà gùn ni.

Wàyí o, mo ṣe ìlérí ìtàn kan. Ìtìjú ni ó jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo ń kó orin ìgbìn jọ ní ìlú ìyá mi. Ìyá ìyá mi ti jẹ́ olórìṣà Ọbàtálá, ṣùgbọ́n ó ti wàjà kí n tó ní làákàyè. Wọ́n sọ fún mi pé ìyá àgbà kan wà tí ó jẹ́ ìyàwó ilé wa, pé òun ni ó ń lé orin ní ojúbọ nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, kí ó tó bá àwọn Aládùúrà lọ. Mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Mo bá a nínú sùtánà funfun, ó ń pa ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Orin Jésù ni.

Mo jẹ́ kí ó kọ ẹsẹ kan. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, orin ìjọ kọ́ ni mo wá gbọ́ lọ́dọ̀ yín.”

Ó ní, “Ọmọ mi, jókòó. Ìwọ fi etí sílẹ̀ ná.”

N kò jókòó. Mo ti dá a lẹ́jọ́ nínú ọkàn mi pé wọ́n ti bà á jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu lásán, mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo sì jáde. Kí ọdún náà tó yí po, ó ti papò dà.

Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ gbé orin kan náà tí ó kọ fún mi. Bàbá arúgbó kan jókòó ti ògiri, ó ti lu ìgbìn rí kí ó tó lọ sí Mẹ́kà, Àlàájì ni gbogbo ìlú ń pè é. Mo rí i tí ìka rẹ̀ ń lu orí ọ̀pá tí ó fi ń tilẹ̀. Kì í ṣe bí àwọn obìnrin náà ti ń pàtẹ́wọ́ ni ó ń lù ú. Ìlù tí ó wúwo, tí kò kánjú, ni. Mo súnmọ́ ọn, mo ní, “Bàbá, kí ni ẹ ń lù?” Ó ní, “Ìgbìn ni. Orin Òrìṣà ni orin yìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó pààrọ̀ nígbà tí ó lọ sí ibẹ̀, kò pààrọ̀ ohùn. Òun nìkan ni ó mọ ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ délẹ̀.” Ó wá wo ojú mi, ó béèrè pé, “Ṣé ìwọ kò bá a kí ó tó lọ ni?”

Mo bá a. Mo bá a, mo sì dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Orin náà ni a ń fi ohùn lásán kọ ní ojúbọ ìlú náà títí di òní. A ní ohùn, a ní ìlù, a kò ní ọ̀rọ̀. Ìyá náà ti gbé e pamọ́ sí ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti gbà á láyè láti kọrin, ó sì fẹ́ fi ọ̀nà ibẹ̀ hàn mí. Kì í ṣe ìjọ ni ó gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Etí mi ni.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò sọ pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, àdàlù yóò wọlé, ọmọ yóò sì máa kọ fújì níwájú ojúbọ. Mo gbà pé ewu wà, ṣùgbọ́n gbígbọ́ kì í ṣe bíbọ. Ìlànà ojúbọ dúró bí àgbà ti fi lélẹ̀: a kì í lu ìpèsè lórí eré, a kì í gbé orin awo sí ìta, ẹni tí a kò tẹ̀ kò gbọdọ̀ bá wa dá sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ tí ó mọ oríṣiríṣi orin gan-an ni yóò mọ ibi tí ààlà wà, nítorí pé yóò gbọ́ ọ bí ẹnìkan bá fi ohùn mìíràn ti orin Òrìṣà. Ẹni tí ó mọ orin kan ṣoṣo kò lè mọ ìgbà tí wọ́n yí i padà.

Wọn yóò tún sọ pé àwọn orin kan ń bú wa. Òtítọ́ ni. Mo ti gbọ́ wọn, inú mi kò dùn. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ láti dá ọ̀rọ̀ èébú mọ̀, kí wọ́n sì mọ èsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ejò kan dáná sun igbó tí a ti ń já ewé.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí á pa àbá òfin náà tì, kí á sì fi nǹkan mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Èkíní, kí á máa fi ọjọ́ kan nínú oṣù jókòó pọ̀ gbọ́ irú orin kan tí kì í ṣe ti ojúbọ: sákárà ní oṣù kan, jùjú ní òmíràn, orin Kúbà, jazz, orin ìjọ, àti ti àwọn ọmọ ìgboro òde òní. Èkejì, kí á kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń gbọ́ orin. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá agogo tàbí ohun tí ó di ìwọ̀n mú; lẹ́yìn náà ìlù tí ó kéré jù; lẹ́yìn náà ìyáàlù; ní ìkẹyìn kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sáré sí ọ̀rọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bí mo ti sáré lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ nìkan ni yóò gbọ́. Ẹ̀kẹta, kí a pín ara wa sí méjì-méjì, kí a lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà olórin àti onílù ní àdúgbò wa, ìbáà jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a mú obì lọ́wọ́, kí a gba àyè kí á tó gba ohùn wọn sílẹ̀, kí a kọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti ọjọ́ náà. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì gbé sí ẹnu, kí a jókòó títí yóò fi parí.

Àwọn àgbà wọ̀nyí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tètè lọ bá wọn.

Kí Àyàn má fi ohùn rẹ̀ pa mọ́ fún wa. Kí Ọbàtálá la etí inú wa. Kí orin tí ó sọnù rí ọ̀nà wálé, kí á má sì jẹ́ ẹni tí yóò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta.

Àṣẹ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.